Ohun Tó Ń Kù Lára Aṣọ

Lọ́fínńdà tí à ń pe gbogbo omi olóòórùn dídùn inú ìgò, orúkọ ewéko kan ṣoṣo ni níbẹ̀rẹ̀. Lavender ni àwọn Òyìnbó ń pe ewéko náà, òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ àlùkò ni wọ́n sì ń fi ooru yọ òróró lára rẹ̀. Nígbà tí omi lavender dé ọ̀dọ̀ wa, ahọ́n Yorùbá tún un pè, ó di lọ́fínńdà. Nígbà tó yá, ohunkóhun tí wọ́n bá ti rọ sínú ìgò tó ń ta sánsán, ìbáà ṣe òdòdó, ìbáà ṣe igi, lọ́fínńdà náà ni.

Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé lavender wà lára àwọn òórùn tó ń tètè sá lọ jù. Bí a bá fi ohun tó wà nínú ìgò wé ilé, ẹnu ọ̀nà ni lavender. Àwa wá mú orúkọ ẹnu ọ̀nà, a fi pe gbogbo ilé.

Ìgò kan wà tí mo fẹ́ ká fi wo ọ̀rọ̀ yìí. Jicky ni wọ́n ń pè é. Aimé Guerlain ló ṣe é ní Párísì lọ́dún 1889, ọdún kan náà tí wọ́n ṣí ilé ìṣọ́ Eiffel, wọ́n sì ń tà á dòní. Lavender ló dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Àmọ́ ohun tó wà ní yàrá inú lọ́hùn-ún ló sọ ọ́ di ìtàn.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ fín in sí ọrùn ọwọ́ ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Ohun tó máa kọ́kọ́ kọ lù yín ni lavender yẹn, pẹ̀lú lẹ́mọ̀n àti bergamot, irú ọsàn kíkan kan tó ń so ní gúúsù Ítálì. Ó mú, ó tutù, ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń bó ọsàn tí omi èèpo rẹ̀ ta sí i lójú. Tó bá fi máa di aago mẹ́jọ ààbọ̀, ariwo yẹn ti ń lọ sílẹ̀, àwọn òdòdó á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀: róòsì, jasmine. Wọ́n ti wọnú ara wọn débi pé kò rọrùn láti ya ọ̀kan sọ́tọ̀. Lọ́sàn-án, nǹkan mìíràn ló wà lọ́wọ́ yín. Ó dùn bíi fànílà, ó ní òórùn koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé tó ń gbẹ nínú oòrùn, nísàlẹ̀ pátápátá ẹ ó sì gbọ́ ohun kan tó jọ ara ẹranko. Bó bá jẹ́ aṣọ lẹ fín in sí, èyí tó kẹ́yìn yìí lẹ máa bá níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Àwọn tó ń ṣe lọ́fínńdà ní orúkọ fún ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ ti lè rí i lára páálí: top, heart, base. Òórùn òkè, òórùn ọkàn, òórùn ìsàlẹ̀.

Kí ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀? Òórùn kì í ṣe iwin. Kí imú tó gbọ́ òórùn nǹkan, ẹyọ kékeré lára nǹkan náà gan-an gbọ́dọ̀ fò kúrò, kó gba inú afẹ́fẹ́ wọlé sí wa nímú. Mólékù ni ẹyọ yẹn. Ẹ da pẹtiróòlù díẹ̀ sílẹ̀, kíá ló ti gbẹ, gbogbo àdúgbò sì ti gbọ́. Ẹ da epo pupa sílẹ̀, á wà níbẹ̀ dọ̀la, ẹ ó sì ní láti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ òórùn rẹ̀. Lọ́fínńdà kan ṣoṣo kó àwọn tó ń ṣe bíi pẹtiróòlù àtàwọn tó ń ṣe bí epo pupa pọ̀ sójú kan, ẹnì kan sì jókòó ṣírò bí wọn yóò ṣe máa kúrò níkọ̀ọ̀kan.

Ọ̀pọ̀ ibi lẹ ó ti kà á pé mólékù tó fúyẹ́ ló ń fò, èyí tó wúwo ló ń dúró. Ó jẹ́ òótọ́ dé ìwọ̀n kan, àmọ́ kò tó. Linalool wà lára ohun tó pọ̀ jù nínú òróró lavender. Ìwúwo mólékù rẹ̀ jẹ́ 154. Vanillin ni òórùn fànílà. Ìwúwo tirẹ̀ jẹ́ 152. Ẹ ò rí nǹkan, vanillin ló tilẹ̀ fúyẹ́ jù! Síbẹ̀ linalool ń hó ní nǹkan bí 198°C, vanillin ò ní hó àfi tí iná bá dé nǹkan bí 285°C. Ìdí ni pé àwọn mólékù vanillin máa ń di ara wọn mú ṣinṣin. Nínú yàrá wa lásán, omi ni linalool, ìyẹ̀fun funfun ni vanillin. Ẹni tí ará ilé rẹ̀ dì mú lápá kò ní tètè jáde lóde.

Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ lọ́fínńdà tó ń pẹ́ gbọ́dọ̀ rí ohun tó máa ń lọ́ra láti kúrò, kí ohun náà sì tún máa dá òdòdó dúró díẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà wà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Òórùn òkè kò ṣòro rí. Láti 1709 ni ilé iṣẹ́ Farina ti wà ní ìlú Cologne ní Jámánì, ọsàn àti ewéko nínú ọtí líle ni wọ́n fi sọ orúkọ ìlú náà di orúkọ lọ́fínńdà. Òkè ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀: ẹ fi para, ó tù yín lára, ó lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kó pẹ́, àfi kó wá oje igi bíi tùràrí àti òjíá, tàbí kó lọ bá ẹranko.

Ẹranko mẹ́ta lókìkí jù. Musk ń ti ara àgbọ̀nrín kékeré kan ní Éṣíà wá. Ambergris ń ti inú àbùùbùtán òkun jáde. Ìkẹta ni ẹtà. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹtà tiwa yìí, onítótòtó tó ń rìn lóru, tí àwọn ọdẹ mọ̀ dunjú. Ẹtà ní àpò kan nítòsí ihò ìdí tó fi ń sàmì sí ọ̀nà rẹ̀ nínú igbó. Ohun tó wà nínú àpò náà dà bí ọ̀rá, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, òórùn rẹ̀ lójúkojú kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ nídìí oúnjẹ. Àmọ́ tí wọ́n bá fi ọtí là á dáadáa, tó ku bíńtín, ó ń di nǹkan mìíràn: ó ń gbóná, ó ń mú òdòdó jí. Etiópíà ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá. Inú àgò tóóró ni wọ́n ń sin ẹtà sí, wọn a máa há ọ̀rá náà lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọn a kó o sínú ìwo màlúù, ó di ọjà. Kò sí bí a ṣe fẹ́ sọ ọ́ tí kò ní jẹ́ ìyà fún ẹranko náà. Daniel Defoe, ẹni tó kọ Robinson Crusoe, gbìyànjú òwò yìí kó tó di òǹkọ̀wé tó lókìkí. Nǹkan bí 70 ẹtà ló rà lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù ní 1692. Ọdún yẹn náà ni gbèsè gbé e ṣubú.

Fànílà náà ní ìtàn tirẹ̀, òun ni mo sì kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo èyí.

Mẹ́síkò ni igi fànílà ti wá. Àwọn Faransé gbé e lọ sí erékùṣù tí à ń pè ní Réunion lónìí, ní Òkun Íńdíà. Ó hù, ó yọ òdòdó, kò so. Irú kòkòrò tó ń bá a gbé ìyẹ̀fun akọ pàdé abo ní Mẹ́síkò kò sí níbẹ̀. Òdòdó fànílà ní akọ àti abo nínú ara kan náà, ṣùgbọ́n awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan dínà láàárín wọn, ọjọ́ kan péré sì ni òdòdó náà ń ṣí. Àwọn ọ̀mọ̀wé ò rí ọgbọ́n tó rọrùn dá sí i tó wúlò fún àgbẹ̀.

Ní 1841, ọmọ ọdún 12 kan tó ń jẹ́ Edmond rí i. Ẹrú ni, ní oko Ferréol Bellier-Beaumont ní Sainte-Suzanne. Kò ní orúkọ bàbá, kò lọ sílé ìwé. Ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gbé awọ náà sókè, ó fi àtàǹpàkò tẹ akọ mọ́ abo. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ó tán. Igi tó ti yàgàn láti ọjọ́ yìí so. Wọ́n ń gbé ọmọ náà káàkiri láti oko dé oko kó lè kọ́ àwọn ẹrú yòókù, erékùṣù náà sì di ibi tí fànílà ayé ti ń wá. Ní 1848 tí Faransé fòpin sí mímú èèyàn lẹ́rú, wọ́n dá a sílẹ̀, wọ́n sì fún un ní orúkọ ìdílé: Albius, láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí funfun. Ọmọ dúdú tó dúdú dáadáa ni o. Onímọ̀ ewéko kan, Jean Michel Claude Richard, tún jáde pé òun lòun kọ́ ọ. Bellier-Beaumont fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé tako irọ́ náà. Edmond ò rí owó kankan gbà lórí ọgbọ́n rẹ̀. Ó ṣẹ̀wọ̀n, ó ṣiṣẹ́ kékeré káàkiri, ó kú sínú òṣì ní 1880. Bó ṣe ṣe é lọ́dún yẹn ni wọ́n ṣì ń ṣe é ní Madagásíkà lónìí, òdòdó kan lẹ́ẹ̀kan.

Fànílà wá pọ̀ sí i, àmọ́ ó ṣì wọ́n. Àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ló sọ ọ́ di ohun tí alálọ́fínńdà lè dà sínú ìgò láìwẹ̀yìn. William Henry Perkin ni ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń wá kíníìnì tí wọ́n fi ń wo ibà ní 1856, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 18, tó sì ṣèèṣì rí àwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń pa aṣọ láró. Ní 1868, Perkin kan náà ṣe coumarin láìlo ewéko. Coumarin ni òórùn koríko gbígbẹ tí mo sọ lókè. Hóró tonka láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń rí i tẹ́lẹ̀. Ní 1874, Ferdinand Tiemann àti Wilhelm Haarmann ní Jámánì rí vanillin yọ láti ara ohun tó wà nínú oje igi páìnì. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Holzminden.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e. Ní 1882, Paul Parquet fi coumarin ṣe Fougère Royale fún ilé Houbigant. Orúkọ náà túmọ̀ sí ewéko fern ti ọba. Ẹni bá ti já fern rí á mọ̀ pé kò ní òórùn tó tó nǹkan. Ìyẹn ni pé ọkùnrin yìí ṣe òórùn ohun tí kò ní òórùn! Kó tó dìgbà náà, ọ̀pọ̀ lọ́fínńdà ló ń wá bí yóò ṣe jọ òdòdó kan tàbí ìdì òdòdó. Ọdún méje lẹ́yìn náà ni Guerlain kó lavender sókè, ó kó coumarin àti vanillin sísàlẹ̀, ó sì fi ẹtà sí i. Orúkọ tó fún un kì í tilẹ̀ ṣe ti ewéko. Àwọn kan ní orúkọ ọmọbìnrin tó fẹ́ràn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Jicky, àwọn kan ní orúkọ àlàjẹ́ Jacques, ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀, ni. Ẹ mú èyí tó bá wù yín. Wọ́n máa ń sọ pé àwọn ọkùnrin ló kọ́kọ́ gbà á, pé ó pẹ́ kó tó wọ àwọn obìnrin lójú.

Ní tèmi, ohun tó mú kí Jicky borí ni pé òkè rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí ara wọn gan-an. Lavender mọ́ tónítóní bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ẹtà ò mọ́. Fànílà dúró láàárín, ó ń làjà. Ìjà yẹn ló jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ìpele, bí etí tó mọ ìlù ṣe máa ń ya omele sọ́tọ̀ kúrò lára ìyáàlù bí wọ́n tilẹ̀ jọ ń dún pọ̀. Tí ohun gbogbo bá bára mu jù, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé nǹkan ti yí padà.

Ìlù tí mo fi ṣàpèjúwe yìí, èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀. Septimus Piesse, alálọ́fínńdà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ti to òórùn sórí ìwọ̀n ohùn orin nínú ìwé rẹ̀, The Art of Perfumery, tó jáde ní 1855. Bó ṣe tò ó kò dúró lórí ìmọ̀ kankan, àmọ́ èdè orin náà lẹ̀ mọ́ iṣẹ́ yìí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe òórùn ní note títí dòní. Ohun tí Piesse kò ṣe ni pé kò wọn àkókò. Ẹni tó wọ̀n ọ́n ni William Poucher, tó jẹ́ olórí alálọ́fínńdà ní ilé Yardley, àwọn tó fi lavender lókìkí. (Òun náà ló ń ya àwòrán òkè ńlá tó sì ń kọ̀wé fún àwọn tó ń gun òkè, ọ̀pọ̀ ló mọ̀ ọ́n fún èyí ju lọ́fínńdà lọ.) Ó mú èròjà tó ju 300 lọ, ó kán wọn sórí pépà, ó ń padà wá gbóòórùn wọn. Èyí tó bá lọ láàárín ọjọ́ kan, ó fún un ní 1. Èyí tó pẹ́ jù, bí ewé patchouli, ó fún un ní 100. Ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1955. Ẹ ṣírò ọdún tó wà láàárín 1889 àti 1955. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ ilé náà kí wọ́n tó mú téèpù wá wọn yàrá.

Ní Grasse, ní gúúsù Faransé, Jean Carles ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ tí ilé iṣẹ́ Roure dá sílẹ̀ ní 1946. Ìsàlẹ̀ ló ní kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: kí wọ́n kọ́kọ́ rí ohun tó máa kù, kí wọ́n tó ro ohun tó máa kí àlejò káàbọ̀. Láti irú ẹ̀kọ́ báyìí ni àwòrán onígun mẹ́ta tí ẹ ń rí káàkiri ti gbilẹ̀, tó pín lọ́fínńdà sí òkè, àárín àti ìsàlẹ̀.

Mi ò fi bẹ́ẹ̀ gba àwòrán yẹn gbọ́. Nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mò ń ṣe, a máa ń ya irú rẹ̀ fún ọ̀gá: àpótí mẹ́ta, ọ̀kan lórí èkejì, ó mọ́ lójú. Àwa tí a kọ ọ́ mọ̀ pé okùn ti ta kókó nínú rẹ̀. Lọ́fínńdà kì í ṣe eré orí ìtàgé tí ẹnì kan ń wọlé kí ẹlòmíì tó jáde. Gbogbo èròjà ló ń fò láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Vanillin náà ti ń fò nígbà tí lavender ń pariwo, díẹ̀díẹ̀ ni tirẹ̀ ni. Ẹtà inú Jicky wà nínú èémí àkọ́kọ́. Òun ló jẹ́ kí lavender yẹn yàtọ̀ sí ti ọṣẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àpò wa pẹ̀lú. Lọ́jà, ẹni tó ń ta lọ́fínńdà á fín in sí pépà, á nà án sí yín nímú, ẹ ó ní, "Hẹ́n-ẹ̀n, ó dáa," ẹ ó sanwó. Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ lẹ rà yẹn. Ìsàlẹ̀ ni ẹ máa gbé wọ mọ́tò, tí ẹ máa gbé dé ibi iṣẹ́, tí ìyàwó tàbí ọkọ máa gbọ́ lára yín lálẹ́. Tó bá jẹ́ èmi ni, ọwọ́ ni mo máa ń ní kí wọ́n fín in sí, màá ní mò ń bọ̀, màá lọ ra ata. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò rà á mọ́ ni?" Mò ń bọ̀ jàre. Ti òróró lásán tí kò ní ọtí nínú, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí fẹ́ràn, tilẹ̀ tún yàtọ̀: kò sí ọtí tó máa gbé òkè fò, torí náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ó ń ṣí.

Ọ̀rọ̀ ẹtà náà yí padà. Ní 1926, Leopold Ruzicka ṣàlàyé bí mólékù tó ń gbé òórùn ẹtà ṣe rí: òrùka ńlá tó ní kábọ́ọ̀nù 17, nígbà tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ rò pé irú òrùka tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò lè dúró. Ó wà lára iṣẹ́ tó mú ẹ̀bùn Nobel bá a ní 1939. Láti ìgbà tí wọ́n ti lè ṣe irú rẹ̀ láìfọwọ́ kan ẹranko, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá ti fi ẹtà gidi sílẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé bí ìpìlẹ̀ lọ́fínńdà àtijọ́ ṣe rí tẹ́lẹ̀ kọ́ ló rí mọ́, bí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bá tilẹ̀ jọ ti àná.

Ní Versailles, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Osmothèque, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990 láti máa tọ́jú irú nǹkan báwọ̀nyí. Inú òkùnkùn ni wọ́n ń kó ìgò sí, ní 12°C, wọ́n á da afẹ́fẹ́ argon lé e lórí kí afẹ́fẹ́ tí à ń mí má bàa bà á jẹ́. Fougère Royale ti 1882 wà níbẹ̀, wọ́n tún un pò gẹ́gẹ́ bí ìwé àtijọ́ ṣe wí. Wọn kì í tà á. Tí ẹ bá lọ, wọ́n á rì pépà tẹ́ẹ́rẹ́ sínú rẹ̀, wọ́n á fún yín, ẹ ó sì ní láti jókòó dúró dìgbà tí coumarin bá yọjú.